Ọmọ Adìẹ Ẹlẹ́yin Kì í Yé Tó Ìyá Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé ìbéèrè kan ń padà wá bá mi ṣáá, bóyá mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni o, bóyá mo wà ní ọjà ni o. Ìbéèrè náà ni pé: "Tíṣà, adìẹ àgíríìkì mi ń yé dáadáa. Kí ló dé tí n kò fi lè pa ọmọ láti inú ẹyin rẹ̀, kí n yé ná owó lórí òròmọdìẹ ní gbogbo ìgbà?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tí ó kórè àgbàdo a máa so díẹ̀ rọ̀ sí àjà fún ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ní abo ewúrẹ́ nílé kì í lọ ra ọmọ ewúrẹ́ lọ́jà. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni bíni là á jọ. Kí ló wá dé tí ọmọ adìẹ ẹlẹ́yin kò fi ní jọ ìyá rẹ̀?

Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹyin púpọ̀ tí adìẹ yìí ń yé ti ara àdàpọ̀ ìdílé mẹ́rin wá. Ní ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá di ìyá, àdàpọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí tú nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò fi owó oúnjẹ adìẹ ṣòfò fún oṣù mẹ́fà gbáko kí ó tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ náà wò.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ÌYÁ ALÁBỌ́

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ń ta abọ́ àti ìkòkò. Ó ní adìẹ ẹlẹ́yin mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ilé, ẹyin ogún sí méjìlélógún ni ó sì ń kó lójúmọ́. Láti inú owó ẹyin yìí ni ó ti ń ra ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn adìẹ náà ń dàgbà lọ, ó ra àkùkọ ìbílẹ̀ pupa kan tí ó rí bọ̀kọ̀tọ̀, ó fi í sáàárín wọn. Ó kó ẹyin wọn sábẹ́ àgbébọ̀ ìbílẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn adìẹ àgíríìkì náà tí ó fẹ́ sàba. Òròmọdìẹ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó jáde. Inú ìyá dùn, ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òròmọdìẹ títí ayé.

Ó bọ́ wọn fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n dàgbà, abo mẹ́rìnlá ni ó kù nínú wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí yé ní ọjọ́ méjì-méjì, àwọn mìíràn ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Kò pé oṣù mẹ́ta tí márùn-ún fi dì mọ́ ìtẹ́, tí wọ́n ń wú ìyẹ́, tí wọ́n ń ṣá ẹnikẹ́ni tí ó bá na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n ń sàba lórí ìtẹ́ òfìfo. Ẹyin mẹ́rin, márùn-ún ni ìyá ń rí lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ kò dín. Ó wá bi mí léèrè bóyá ayé ló ń ṣe òun. Mo ní, "Ìyá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà lọ babaláwo. Ìdílé adìẹ yín ni kí ẹ wádìí."

ÌṢIRÒ ÀGBÉBỌ̀

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ìdí tí adìẹ ìbílẹ̀ kì í fi í yé púpọ̀, kí á ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é ní kíláàsì. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ yóò yé bí ẹyin mẹ́wàá sí méjìlá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà yóò jókòó lé wọn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bí ó bá pamọ tán, yóò máa kó ọmọ jẹ̀ fún bí oṣù méjì, kò sì ní yé ẹyọ kan ní gbogbo àkókò náà. Gbogbo rẹ̀ di bí oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀. Ẹ fi èyí pín oṣù méjìlá, ẹ ó rí i pé kò lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún. Ẹyin 12 lọ́nà mẹ́rin, 48 ni.

Adìẹ igbó pupa ti ilẹ̀ Éṣíà, tí ó jẹ́ baba ńlá àwọn adìẹ tí ayé ń sìn, kì í yé ju bí 10 sí 15 lọ lọ́dún. Adìẹ àgíríìkì tí a bá tọ́jú dáadáa ń yé ju 300 lọ ní ọdún àkọ́kọ́ tí ó fi ń yé.

Ẹyin kan ń gba bí wákàtí 24 sí 26 kí ó tó parí nínú ara adìẹ. Nínú àkókò yìí, bí wákàtí 20 ni èèpo rẹ̀ nìkan fi ń dì. Nítorí náà ẹyin kan lójúmọ́ ni òpin agbára adìẹ, yálà ó jẹ́ ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀. Ohun ńlá tí ó fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn méjèèjì ni ìsinmi. Adìẹ ìbílẹ̀ ń dúró sàba, ó ń dúró tọ́ ọmọ. Adìẹ àgíríìkì kò mọ èyí.

Sísàba wà nínú ẹ̀jẹ̀. Oje ara kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní prolactin. Bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ adìẹ, adìẹ náà á fẹ́ jókòó, ibi tí ẹyin ti ń ṣẹ̀ nínú ara rẹ̀ á sì sùn. Àwọn tí ń sin adìẹ nítorí ẹyin kì í fi adìẹ tí ń sàba ṣe ìyá. Wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò láti ìran dé ìran, títí ìwà náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú ìdílé wọn. Ṣùgbọ́n ó wà digbí nínú ìdílé àkùkọ pupa tí ìyá alábọ́ rà.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ MAINE

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ó dára. Èmi yóò yan èyí tí ó ń yé jù nínú adìẹ mi, òun nìkan ni n ó fi ṣe ìyá." Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Gowell bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1898. Ó lo ìtẹ́ onílẹ̀kùn: bí adìẹ bá wọlé láti yé, ilẹ̀kùn a tì mọ́ ọn, wọ́n á wo nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀, wọ́n á kọ ẹyin náà sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Adìẹ tí ó bá yé tó 150 lọ́dún ni ó ń fi ṣe ìyá. Àkùkọ tí ìyá rẹ̀ yé tó 200 ni ó ń fi ṣe baba. Ọdún ń gorí ọdún, iṣẹ́ ń lọ.

Ní 1907 Raymond Pearl gba iṣẹ́ náà, ó jókòó, ó ṣírò gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé. Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu: iye ẹyin tí agbo náà ń yé kò gbéra. Àwọn adìẹ kan wà tí wọ́n yé 200, síbẹ̀ àwọn ọmọ wọn obìnrin kò já mọ́ nǹkan. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn kò ju ìwọ̀nba lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn yé bí òjò. Pearl wá yí ọwọ́ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹyin àwọn ọmọ obìnrin díwọ̀n òbí, ìyá àti baba pọ̀. Láti ìgbà náà ni agbo náà tó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀síwájú.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé ẹyin tí ojú wa ń rí kò sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, àìsàn wà níbẹ̀, orí ire náà wà níbẹ̀. Bí a bá pín ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín adìẹ kan àti èkejì sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, bí ìdá 10 sí 30 ni ó sábà máa ń jẹ́ ohun tí òbí lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ tààrà. Èkejì ni pé ìdajì ogún ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ àkùkọ, bẹ́ẹ̀ ni àkùkọ kì í yé ẹyin kí á lè kà á. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀.

ABỌ́LỌ́RÙN NÍ OLÙKỌ́ WA

Báwo ni ogún yìí ṣe ń kọjá láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ? Ẹ má wá a lọ jìnnà, ẹ wo adìẹ abọ́lọ́rùn tí ń jẹ̀ kiri ní ẹ̀yìnkùlé yín. Ohun àjogúnbá kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì, tí èmi yóò sì máa pè ní àbùdá, ni ó sọ ọrùn rẹ̀ di ìhòòhò. Gbogbo ọmọ ni ó ń gba àbùdá ní méjì-méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Adìẹ tí ó bá gba àbùdá ọrùn ìhòòhò láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo yóò ní ìṣùpọ̀ ìyẹ́ kékeré kan níwájú ọrùn. Èyí tí ó bá gbà á láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì, ọrùn rẹ̀ á bọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣùpọ̀ náà kò ní sí, tàbí kí ó ku ìyẹ́ bíi mélòó kan.

Ẹ wá mú akọ àti abo abọ́lọ́rùn, kí àwọn méjèèjì jẹ́ olóṣùpọ̀. Bí ẹ bá pa ọmọ púpọ̀ lára wọn, ẹ ó rí i pé nínú mẹ́rin-mẹ́rin, bí ọ̀kan ni ọrùn rẹ̀ bọ́ pátápátá, bíi méjì ni ó jọ òbí, bí ọ̀kan sì ni ìyẹ́ kún ọrùn rẹ̀ bí ti adìẹ yòókù. Gregor Mendel, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Ọ́síríà ìgbà náà, ni ó rí irú ìṣirò yìí lára ohun ọ̀gbìn kan tí ó jọ ẹ̀wà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866. Ní 1902, William Bateson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ogbe orí adìẹ hàn pé ìlànà kan náà ni ó ń darí ẹranko.

Ẹ kíyè sí i: òbí méjèèjì bára mu, síbẹ̀ àwọn ọmọ fọ́n sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìdí ni pé òbí náà fúnra wọn jẹ́ àdàlù. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó jẹ́ àdàlù ń ṣe ní gbogbo ìgbà. Ti ọrùn yìí, àbùdá kan péré ni. Ti ẹyin, àbùdá tí ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, olúkúlùkù ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un: èyí fún ọjọ́ tí adìẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí yé, èyí fún bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó sinmi, èyí fún èèpo, èyí fún sísàba. Bí ọ̀kan péré bá lè fọ́n ọmọ ká sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò ṣe?

ÌDÍLÉ MẸ́RIN

Adìẹ àgíríìkì tí ẹ ń rà jẹ́ àdàlù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé bí a bá sin ìdílé méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí a wá dà wọ́n pọ̀, ọmọ àkọ́kọ́ sábà máa ń lágbára ju ìpíndọ́gba ìyá àti baba rẹ̀ lọ. Níbi tí ìdílé kan bá ní àbùdá tí kò dára, èkejì lè ní èyí tí ó dára, èyí tí ó dára a sì bo èkejì mọ́lẹ̀. G. H. Shull kọ̀wé nípa rẹ̀ lára àgbàdo ní 1908. Henry A. Wallace, ẹni tí ó padà di igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1941 sí 1945, dá ilé iṣẹ́ irúgbìn àgbàdo àdàlù sílẹ̀ ní 1926. Ní 1936, ó gbé ìmọ̀ àgbàdo náà sínú agbo adìẹ, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Hy-Line ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ kí á pe àwọn ìdílé mẹ́rin náà ní A, B, D àti E. Wọ́n ń sin ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n ń ka ẹyin, wọ́n ń wọn èèpo, wọ́n ń yan àkùkọ nípa iṣẹ́ arábìnrin àti ọmọbìnrin rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi A gun B, kí wọ́n lè rí àkùkọ AB. Wọ́n á fi D gun E, kí wọ́n lè rí abo DE. Àkùkọ AB yìí àti abo DE yìí ni ó bí òròmọdìẹ tí ẹ ń rà nínú páálí. Isa Brown, Lohmann Brown, Bovans, Hy-Line Brown: orúkọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà náà ti rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìpamọ ilẹ̀ wa ni ó ń ra òbí àwọn òròmọdìẹ wọ̀nyí láti òkè òkun. Àwọn tí ó ni ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í sì í tà wọ́n. Akọ láti ọ̀dọ̀ baba àti abo láti ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ń tà fún àwọn ilé ìpamọ. Gbòǹgbò igi kò kúrò lọ́wọ́ wọn.

OBÌNRIN JỌ ṢÒKÒTÒ, ỌKÙNRIN JỌ KÍJÌPÁ

Àmì kan wà tí ojú lè rí. Nínú àwa ènìyàn, ọ̀dọ̀ baba ni ó wà bí ọmọ yóò bá jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Nínú adìẹ, ọ̀dọ̀ ìyá ni. Okùn àjogúnbá tí ń pín akọ àti abo níyà, méjì ni àkùkọ ní, ọ̀kan ni abo ní. Abo ń gba ọ̀kan tirẹ̀ láti ọwọ́ baba rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nìkan ni ó sì lè fi í fún.

Lórí okùn yìí gan-an ni àbùdá àwọ̀ ìyẹ́ kan wà. Nínú irú àwọn adìẹ tí ó ń yé ẹyin pupa tí mo dárúkọ lókè, wọ́n fi baba pupa gun ìyá funfun. Gbogbo ọmọbìnrin á jọ baba, wọ́n á pupa. Gbogbo ọmọkùnrin á jọ ìyá, wọ́n á funfun. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò jọ ṣòkòtò yóò jọ kíjìpá. Níhìn-ín obìnrin ni ó jọ ṣòkòtò, ọkùnrin ni ó jọ kíjìpá. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pamọ, ọmọdé lè ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Punnett ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dábàá irú ọgbọ́n àwọ̀ yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kí wọ́n má baà fi oúnjẹ tí ó wọ́n bọ́ akọ tí kò ní yé.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àkùkọ àgíríìkì olówó pọ́ọ́kú ti ń wá, àwọn tí a ń sìn de ọdún Kérésìmesì. Arákùnrin adìẹ ẹlẹ́yin ni wọ́n. Ní àwọn ilẹ̀ kan wọ́n máa ń pa wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n jáde. Jámánì fi òfin de èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Níhìn-ín, a ń rí jẹ nínú wọn.

Bí ẹnìkan bá wá fi irú àkùkọ funfun bẹ́ẹ̀ gun adìẹ pupa ẹlẹ́yin, ẹ wo ohun tí yóò jáde: bí ìdajì nínú àwọn abo á funfun, bí ìdajì á pupa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn akọ. Àwọ̀ kò lè fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọ̀ tí ojú ń rí yìí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn àbùdá ẹyin tí ojú kò rí. Wọ́n ti fọ́n ká. Ọ̀pọ̀ nínú agbára tí àdàpọ̀ àkọ́kọ́ mú wá á sì dínkù, nítorí àbùdá tí kò dára, tí ọ̀kan ti bo mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, lè wá pàdé irú rẹ̀ nínú ọmọ kan náà.

Ti ìyá alábọ́ le díẹ̀ sí i. Ìdajì ogún àwọn adìẹ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àkùkọ tí ìyá rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ àti gbogbo ìran rẹ̀ jẹ́ adìẹ tí ń sàba. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yé ju adìẹ ìbílẹ̀ lọ, kí á sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò lè yé tó ìyá wọn.

OÚNJẸ KÒ MỌ Ẹ̀YÀ

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ibi tí ó kàn yín jù ni a dé yìí. Adìẹ ẹlẹ́yin kan ń jẹ bíi gíráàmù 120 lójúmọ́. Ọgọ́rùn-ún adìẹ ń jẹ kílò 12. Àpò oúnjẹ jẹ́ kílò 25, nítorí náà àpò kan kò ju ọjọ́ méjì lọ fún ọgọ́rùn-ún adìẹ. Bí agbo náà bá ń yé 90 lójúmọ́, kéréètì mẹ́ta ni, mẹ́fà fún àpò kan. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé tí ń yé 45 lójúmọ́, kéréètì kan àti ààbọ̀ ni, mẹ́ta fún àpò kan. Ká tilẹ̀ ní àwọn tí kò yé púpọ̀ yìí ń jẹun dín díẹ̀, kò ní tó ohun tí yóò dí ihò kéréètì mẹ́ta tí ó sọnù. Èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì, fún oṣù mélòó?

Ẹ wá gbé owó òròmọdìẹ kan ka iwájú. Ẹ pín in sí ẹyin 300. Ẹ ó rí i pé ohun tí ó bọ́ sórí ẹyin kan kò tó nǹkan. Òròmọdìẹ tí ẹ kò san owó rẹ̀ lónìí, inú àpò oúnjẹ ni ẹ ó ti san án lọ́la.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdílé nìkan tó. Ìdílé ni ó mọ odi, oúnjẹ àti ìtọ́jú ni ó ń kan òrùlé. Adìẹ ẹlẹ́yin ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ nígbà tí ó bá ń yé, bẹ́ẹ̀ ojúmọ́ tiwa níhìn-ín kò ju bíi wákàtí 12 lọ. Ó ń fẹ́ ìkarahun lílọ̀ nínú oúnjẹ kí èèpo lè le. Ó ń fẹ́ omi tútù ní gbogbo ìgbà. Adìẹ tí kò rí ìwọ̀nyí, bí ó jẹ́ ọmọ ọba nínú adìẹ, kò ní yé.

Ẹ MÁ TA ÀGBÉBỌ̀ ÌBÍLẸ̀ NÙ

N kò wá síhìn-ín láti bú adìẹ ìbílẹ̀. Ó ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, ó ń sá fún àṣá, ó ń pamọ láìlo iná mànàmáná, ẹran rẹ̀ sì dùn. Ọrùn ìhòòhò abọ́lọ́rùn, tí àwọn ọmọdé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ń jẹ́ kí ooru jáde lára rẹ̀ nínú oòrùn wa. Àwọn onímọ̀ tiwa náà ti mọ èyí. Ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, wọ́n lo adìẹ ìbílẹ̀ láti sin irú kan tí a ń pè ní FUNAAB Alpha, tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní 2018. Ní Shika lẹ́bàá Zaria, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn ti ìjọba àpapọ̀ ṣe adìẹ ẹlẹ́yin tí a ń pè ní Shika Brown. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí á gbárùkù tì ni, nítorí ẹni tí gbòǹgbò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni igi.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Bí ẹ bá fẹ́ ta ẹyin, ẹ ra òròmọdìẹ lọ́wọ́ ilé ìpamọ tí ẹ mọ̀, ẹ béèrè orúkọ irú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó jáde. Bí wọ́n bá ní irú adìẹ pupa tí mo sọ ni, tí ẹ sì rí funfun tí ó pọ̀ láàárín wọn, akọ ti wọ inú páálí nìyẹn, tàbí kí ó jẹ́ ọmọ àwọn adìẹ ẹlẹ́yin ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹ má ṣe fi àkùkọ sáàárín adìẹ ẹlẹ́yin: adìẹ kò nílò àkùkọ kí ó tó yé, oúnjẹ ni àkùkọ yóò kàn máa jẹ. Ẹ kọ ẹyin ojoojúmọ́ sílẹ̀ nínú ìwé, bí Gowell àti Pearl ti ṣe. Nígbà tí ẹyin kò bá san owó oúnjẹ mọ́, ẹ ta àwọn adìẹ náà, kí ẹ fi owó wọn ra òmíràn. Ẹ jẹ́ kí àgbébọ̀ ìbílẹ̀ wà lọ́tọ̀, jìnnà sí ilé adìẹ ẹlẹ́yin, kí àìsàn má baà ràn. Bí ó bá wu yín láti dà wọ́n pọ̀, ẹ ṣe é nítorí adìẹ jíjẹ, ẹ má ṣe gbé owó ilé ìwé ọmọ lé ẹyin wọn.

Ìyá alábọ́ ti ta àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹlòmíràn lè gbọ́. Mo ti kọ ọ́.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.